Kátà Ọ̀yẹ́ Ti Dé: Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Léèrè

Àtìgbà tí ọ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ l'Óṣogbo yìí, ọ̀rọ̀ kátà ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹni tí ò sín ń wúkọ́, ẹni tí ò wúkọ́, ohùn ẹ̀ ti há. Ìbéèrè pọ̀ débi pé mo ní láti pa àwọn tó jọra pọ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò lára gbogbo ẹ̀, torí ẹlòmíì ò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun mọ̀ pé òun ló kọ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ fọwọ́ wọ́nú, oṣù tó ń bọ̀ ni tiyín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kátà máa ń gbé mi ṣánlẹ̀, lẹ́yìn Ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, àti ìgbà ọ̀yẹ́ báyìí. Àwọn tá a jọ ń tajà ní omi fìríìjì tí mò ń mu ló fà á, mo ti jáwọ́ ńbẹ̀ o, kátà ò jáwọ́ lára mi. Kí ni mo lè ṣe tí ò fi ní mú mi rárá? Mi ò fẹ́ oògùn òyìnbó. (Ìyá Aláàdìrẹ)

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ padà sídìí omi tútù yín jàre, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kátà, oríṣi ẹ̀ lé ní 200, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní rhinovirus. Àwọn òyìnbó náà rò tẹ́lẹ̀ pé òtútù ló ń fà á. Ní 1946 wọ́n dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ nílùú Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí kátà nìkan, àwọn èèyàn á fínúfíndọ̀ lọ gbé ibẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á kán fáírọ́ọ̀sì sí wọn nímú, wọ́n á máa ṣọ́ wọn. Wọ́n wá ní kí àwọn kan dúró sójú atẹ́gùn pẹ̀lú aṣọ tútù lára títí wọ́n fi ń gbọ̀n, síbẹ̀ kátà ò mú wọn ju àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ wọn lọ.

Mi ò ní ọ̀yẹ́ ò lọ́wọ́ sí i rárá o. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ yẹn máa ń gbẹ imú, imú tó bá sì ti gbẹ, omi yíyọ̀ inú ẹ̀ tó yẹ kó máa gbá kòkòrò dànù ò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, eruku á tún jẹ́ ká ti gbogbo fèrèsé pa, gbogbo ilé á wá máa mí afẹ́fẹ́ kan náà símú mọ́jú. Ti oṣù kẹjọ náà, ṣebí ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe máa ń kún nígbà Ọdún Ọ̀ṣun, ará Brazil ńbẹ̀, ará Èkó ńbẹ̀, kálukú kó kátà ti ẹ̀ wá látilé, wọ́n á sì gba ọjà yín kọjá lọ ra àdìrẹ.

Ọwọ́ ló ṣẹjọ́ jù. Ẹ jókòó wo ìsọ̀ yín fún wákàtí kan péré. Oníbàárà á sín sátẹ́lẹwọ́, á fi ọwọ́ yẹn náà tú àdìrẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kò wu òun, ẹlòmíì á tún gbé e. Ẹni tó bá wá rà á, ẹ̀yin á fi ìka kan itọ́ ẹnu kẹ́ ẹ tó ka náírà ẹ̀, náírà tí alápatà ti kà, tí ọlọ́kadà ti kà, tí oníkọ́rọ́pẹ̀ ti há sáàárín ìka látàárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú láílọ́ọ̀nù kó lè là, ẹ ó kó aṣọ sí i, ẹ ó nà án sí oníbàárà. Kátà ti lọ, kátà ti bọ̀, ẹ ò mu omi tútù kankan o.

Torí náà, ẹ wá fóòmù kékeré kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú abọ́ bí àwọn ará báńkì ṣe ń ṣe, òun ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn kẹ́ ẹ tó ka owó. Kẹ́ẹ̀gì oní-táàpù tá a gbé síwájú ìsọ̀ nígbà Kòrónà, tó ti di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi ilé báyìí, ẹ gbé e padà wá, kẹ́ ẹ gbé ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọṣẹ dúdú náà dáa. Kẹ́ ẹ tó jẹun àti kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan imú tàbí ojú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rọra ka ení, èjì títí dé ogún kẹ́ ẹ tó ṣan án, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fomi ra ọwọ́ kẹ́ ẹ fi ìró nù ún. Ẹ sì sùn, Ìyá wa. Ẹ̀yin ọlọ́jà ò kí ń fẹ́ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2015 àwọn oníwádìí kan l'Ámẹ́ríkà kán fáírọ́ọ̀sì kátà sí èèyàn 164 nímú, wọ́n ti kọ́kọ́ ṣọ́ bí kálukú ṣe ń sùn, àwọn tí oorun wọn ò tó wákàtí mẹ́fà lóru, kátà mú wọn gan-an ju àwọn tó sùn ju wákàtí méje lọ. Kò sí àgbo kankan tí mo mọ̀ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ti pé kó má mú yín rárá yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le koko, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún náà ni kátà ń mú un, ọmọ iléèwé lè tó ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ ẹ̀ ń pariwo yìí, iye tó tọ́ sí yín lẹ gbà.

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mẹkáníìkì ni mí ní Old Garage. Tí kátà bá ti wọlé wa, mo máa ń se ewé efínrín pẹ̀lú ewé lẹ́mọ́ònù, mo máa fi rọ́ọ̀bù sí i, máa wá gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ á bo bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e títí tí òógùn á fi bò wá. Ìyàwó mi ní òun ò gbà kí n ṣe é fáwọn ọmọ mọ́. Ta ló jàre?

Ìyàwó ẹ ló jàre, má bínú.

Ooru omi yẹn máa ń dẹ ikun, imú á là fún ìgbà díẹ̀, ara á tù ẹ́, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ àwọn tó kó ìwádìí jọ lórí ẹ̀ ò rí i dájú pé ó ń jẹ́ kí kátà tètè lọ. Kò pa fáírọ́ọ̀sì kankan, ooru tó máa pa á á ti bó ẹ nímú ná. Ti rọ́ọ̀bù yẹn náà, òórùn ẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé imú ti là, tí wọ́n bá wọn afẹ́fẹ́ tó ń kọjá níbẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí o. Ìkòkò gbígbóná nílẹ̀, òkùnkùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ooru ń jó lójú tó fẹ́ sá jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kọ ìkòkò, omi yẹn á dà sítan ẹ̀, sábẹ́ ẹ̀. Kátà tí ò bá ti rántí ara ẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wá di kí ọmọ sùn sọ́sibítù fún oṣù kan, kó sì gbé àpá ẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́.

Fi omi lílọ́wọ́wọ́ wẹ àwọn ọmọ, ìyẹn tó. Ìwọ alára, tó o bá gbọ́dọ̀ fa ooru símú, gbé abọ́ sórí tábìlì, jẹ́ kí omi ti kúrò lórí iná fún ìgbà díẹ̀, má bo nǹkankan lérí, kí ọmọ kankan má sì sí nítòsí. Efínrín yẹn, sè é sínú ọbẹ̀ ata ẹja kó o mu omi ẹ̀ gbígbóná. Omi ọbẹ̀, ògì gbígbóná, tíì, gbogbo ẹ̀ ń dẹ ikun, ó sì ń dá omi tó ń gbẹ lára padà. Tí ọ̀fun bá ń dùn ẹ́, bu ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́wọ́ kan, gbé orí sẹ́yìn, jẹ́ kó máa hó gulugulu lọ́fun ẹ, kó o tu ú dànù, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, má gbé e mì. Ikọ́ alẹ́, ṣíbí oyin kan nínú omi lílọ́wọ́wọ́ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá ti máa ń ta ẹ́ láyà tàbí ikùn, yọ ọ́ kúrò, oyin lọ̀gá níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Tí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé bá gbóná gan-an, má máa sọ pé kátà ni ṣáá. Ibà wà l'Óṣogbo, ó lè bá kátà pàdé lára ẹnì kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ká má baà máa fi efínrín lé ibà.

Ẹ káàsán mà. UNIOSUN ni mo wà, ìdánwò ti sún mọ́lé. Kátà ti mú mi láti ọjọ́ mẹ́rin, ikun tó ń jáde ti wá di yẹ́lò, ó fẹ́ di àwọ̀ ewé. Rúùmùméètì mi ní inú ẹ̀ ti ń kẹ̀, kí n lọ ra Ampiclox.

Má rà á. Àwọ̀ yẹn, àwọn ọmọ ogun ara ẹ tó ń bá kátà jà ló fà á, kò túmọ̀ sí pé inú ẹ̀ ń kẹ̀, oògùn apakòkòrò ò sì ràn fáírọ́ọ̀sì rárá, ṣe ló máa dà ẹ́ ní ikùn rú lásìkò ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpòpọ̀ tí kẹ́mísìtì máa ń ṣe, funfun méjì, pupa kan, yẹ́lò kan nínú láílọ́ọ̀nù kékeré, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kátà máa ń lo bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ikọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lè fà dé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Mu omi, sùn, fi parasitámọ́ọ̀ pa ẹ̀fọ́rí. Tó bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá tí ò yàtọ̀, tàbí tó ti ń lọ tó tún wá le padà pẹ̀lú ibà àti ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìgbà yẹn ni kó o lọ rí dókítà. Má sì kẹ̀ẹ́kọ̀ọ́ mọ́jú torí ìdánwò, o ṣáà ti ka ohun tí mo sọ fún Ìyá Aláàdìrẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Òkè-Baálẹ̀ là ń gbé. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin, imú ẹ̀ dí, ó ń mí hòrò-hòrò, kì í lè mu ọmú pẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un lóyin àti àgbo, wọ́n máa ń fi ẹnu fa ikun ẹ̀, wọ́n tún fẹ́ fi àdí kán an nímú. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò fẹ́.

Ìyá ìkókó, o káre tó o béèrè. Oyin kọ́kọ́: rárá. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ tọ́ oyin wò, ì báà ṣe ògidì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní igbó lánàá. Kòkòrò kan máa ń sùn sínú oyin nígbà míì, ikùn àgbà máa ń borí ẹ̀, àmọ́ inú ìfun ọmọ ìkókó ó lè jí, á wá máa tu májèlé tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ọmọ á rọ, kò ní lè fa ọmú, èémí pàápàá lè há. Botulism lorúkọ ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀, ìyá ọkọ ẹ á sì sọ pé òun fún ọkọ ẹ lóyin, kò kú. Kò kú lóòótọ́, a dúpẹ́. Tí ọmọ bá ti pé ọdún kan, ìdajì ṣíbí ìmutíì lálẹ́ dáa fún ikọ́, ìwádìí tì í lẹ́yìn, wọ́n á wá fún un lóyin ẹ̀ nígbà yẹn.

Àdí náà, rárá. Òróró tí wọ́n bá kán sí imú ọmọ lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ dá wàhálà sílẹ̀. Rọ́ọ̀bù àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, rárá, tí ọmọ ò bá tíì pé ọdún méjì ó lè jẹ́ kí èémí ẹ̀ há. Àgbo, rárá, ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Ọ̀rí, ẹ lè fi ra ìta imú ẹ̀ tó bá ń sán, ìta o, kì í ṣe inú.

Ti fífi ẹnu fà á, gbogbo àwa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti fa ikun wa rí, ìfẹ́ ni, mi ò lè bú ẹni tó ń ṣe é. Àmọ́ kòkòrò ẹnu àgbà á ti ibẹ̀ dé ara ọmọ, kátà ọmọ náà á sì gba ibẹ̀ dé ara ìyá àgbà, ilé kan á wá máa wúkọ́ yípo. Lọ sí ilé oògùn, ní kí wọ́n fún ẹ ní omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọ, normal saline, àti rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fa ikun. Tí ọmọ bá fẹ́ mu ọmú, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kán ẹ̀kán méjì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, dúró díẹ̀ kó dẹ̀, fún rọ́bà yẹn kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kó o tó kì í bọ ẹnu ihò imú, kó o wá rọra tú u sílẹ̀, wàá rí i tí ikun á fà wọ inú ẹ̀. Fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ṣe apá kejì. Gbé e sí ọmú lójú ẹsẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń fà á dáadáa. Má fún un ní oògùn ikọ́ olómi kankan láìsí pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gambia ní 2022, ọmọ tó lé ní 60 ló kú tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì kéde nínú oṣù kẹwàá pé wọ́n rí májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ nínú àwọn oògùn ikọ́ àti kátà tí wọ́n so ọ̀ràn náà mọ́.

Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti kọjá kátà nìyí: ṣí aṣọ kúrò láyà ẹ̀ nígbà tí kò sunkún, gbé fóònù ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ka bí ikùn ẹ̀ ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà ẹ̀ ń jìn wọlé tó bá mí, tàbí tí kò mu ọmú mọ́ rárá, tàbí ara ẹ̀ gbóná, gbé e lọ sọ́sibítù ní òru yẹn, má dúró de àárọ̀.

Ìyá ọkọ ẹ, má bá wọn jiyàn. Sọ pé nọ́ọ̀sì ló ní bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bínú sí mi. Kó o wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi di orí ẹ̀ mú, èmi nìkan ò lè ṣe é." Ọwọ́ wọn ti ní iṣẹ́ nìyẹn.

Fítámì sí ńkọ́? (Ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ bi mí)

Kò ní kí kátà má mú yín. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, kátà ẹ̀ á fi díẹ̀ kúrú, bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún àgbàlagbà, ìyẹn ò tó ọjọ́ kan. Ẹni tó dúró dìgbà tí kátà mú un kó tó bẹ̀rẹ̀, owó ẹ̀ ló sọnù. Ẹ jẹ gúáfà, ó ní in ju ọsàn lọ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òkè-Fìà, ẹni ọdún 71. Orógbó, aáyù àti atalẹ̀ ni mo rẹ sínú ògógóró, ife kékeré kan láàárọ̀, kan lálẹ́, kátà ò gbọ́dọ̀ débi tí mo wà. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Ọmọ mi obìnrin ní kí n yé mu ún. Ṣé aáyù náà ti wá di májèlé ni?

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Aáyù ò di májèlé. Ìwádìí kan tiẹ̀ wà tó gbè é lẹ́yìn, èèyàn 146 ni wọ́n lò, wọ́n fún ìdajì ní oògùn aáyù fún ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì kejì gba èyí tí ò ní nǹkankan nínú, kátà tó mú àwọn alááyù lápapọ̀ jẹ́ 24, ti àwọn yòókù jẹ́ 65. Ó dáa, àmọ́ ìwádìí kan ṣoṣo ni, èèyàn ò lè fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́. Atalẹ̀ ń mú ọ̀fun gbóná, ó ń tuni lára. Orógbó, tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ́ lẹ́nu itọ́ á máa sun, ọ̀fun ò ní gbẹ, kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń lé kátà lára èèyàn.

Ògógóró ni ọmọ yín ń bá jà, ó sì jàre. Ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á máa ru sí i, tí ọtí bá sì bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàdé nínú ara, òòyì lè kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣubú ẹni ọdún 71 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó tún ń ba oorun jẹ́, oorun tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń lé kátà. Ẹ máa fi aáyù àti atalẹ̀ yẹn se ẹja àrọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ fúyẹ́ mú iyọ̀ àti Maggi torí ẹ̀jẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má jẹ aáyù púpọ̀ láìsọ fún dókítà.

Ìgbà tí kátà bá wá mú yín, torí ó máa mú yín lọ́jọ́ kan, ẹ ṣọ́ra fún oògùn kátà tí wọ́n ń tà kiri. Èyí tó bá ní pseudoephedrine tàbí phenylephrine, tí wọ́n máa ń kọ sára páálí ẹ̀ kínníkínní, ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Èyí yẹ́lò kékeré tó máa ń kunni lóorun lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá àgbà nínú, pàápàá tí ìtọ̀ ò bá ti ń yára jáde tẹ́lẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú kó lè là, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ imú á tún máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Parasitámọ́ọ̀, omi iyọ̀ lọ́fun, oyin (tí kò bá sí ìtọ̀ ṣúgà), omi ọbẹ̀ gbígbóná, kẹ́ ẹ sinmi. Tí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ò já gaara, tàbí tí àwọn ará ilé rí i pé ọ̀rọ̀ yín ò bára mu mọ́, kí wọ́n má pè é ní kátà rárá, ọsibítù ni.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbé ìgò ògógóró yẹn dání, ẹ gbé e kalẹ̀ fún dókítà, kẹ́ ẹ sọ iye ife fún un bó ṣe rí gan-an.